Bí Mo Ṣe Gba Àpò Ògúntúwàsé Lọ́wọ́ Ajẹ́pè

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ nínú yín, kó yáa jẹ ẹ́ tán kí n tó la ẹnu, nítorí n kò fẹ́ kí ìyàwó ẹnikẹ́ni wá bá mi jà lọ́la pé èmi ni mo jẹ́ kí ọkọ òun da ọbẹ̀ nù. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ní ikun imú nínú, ó ní iná orí nínú, ó ní ẹyẹ jíjẹrà nínú, ó sì tún ní ohun kan nínú tó kó mi nírìíra ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn di ìgbà tí a bá débẹ̀. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí ọmọ Akínlàjà, ọdẹ orí omi àti ọdẹ orí ilẹ̀. Ọ̀nì ti gba àjẹ̀ ọkọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ rí, mo sì gbà á padà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù kì í bà mí, gbogbo ìlú mọ̀. Ìríra ni tèmi. Bí irun kan bá wà nínú ọbẹ̀, oúnjẹ ọjọ́ náà parí nìyẹn. Ìyá tó bí mi lọ́mọ máa ń sọ pé òun kò rí irú rẹ̀ rí, ọdẹ tí kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan aṣọ òun.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tún jọ mí nínú ìwà yìí, ìyẹn Ògúntúwàsé, ọ̀rẹ́ mi. Bí eṣinṣin bá bà lé ẹran rẹ̀, á jù ú sí ajá. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń jẹ. Èmi ni mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo pè é ní ọ̀bùn títí ó fi yí padà, tó wá di ẹni tó ń fi omi gbígbóná fọ ṣíbí kó tó jẹun nílé àlejò. Àwọn òyìnbó kan tó ń ka iye ẹranko ilẹ̀ òtútù gbọ́ pé kò sí ipasẹ̀ tí kò lè kà, wọ́n sì mú un lọ sí òkè téńté ayé, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Odò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Odò Àìsùn. Ọ̀rẹ́ mi nìkan wa ọkọ̀ lọ lórí rẹ̀, kò sì bọ̀. Wọ́n rí òkú rẹ̀ létí omi, wọ́n sin ín síbẹ̀, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí wa. Àpò ọdẹ rẹ̀ nìkan ni wọn kò rí.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ọdẹ bá kú, àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ la máa ń ṣí ìpà rẹ̀. A ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, a ó gbé e wọ igbó, a ó sì dágbére fún un níbẹ̀. Bí a kò bá ṣe é, opó rẹ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn bàbá rẹ̀. Olúọdẹ wa, Baba Lájùwọ̀n, wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé, "Láìsí àpò, kò sí ìpà." Ọdún méje gbáko ni Ibídùn, opó ọ̀rẹ́ mi, fi wọ aṣọ dúdú kan náà. Ẹ ó sì bi mí pé kí ni èmi ń ṣe ní ọdún méje. Àwáwí ni mo ń wá. Mo gbọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ ẹran tútù, mo gbọ́ pé ènìyàn kì í wẹ̀ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mo sì jókòó sílé mi. Mo lè sọ ọ́ fún yín nísinsìnyí nítorí ojú ti tì mí tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ibídùn wọlé tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò wá bẹ̀ yín o. Aṣọ yìí ni mo ní kí ẹ wò."

Mo wò ó. Ó ti ṣí di àwọ̀ eérú, ó sì ti gbó ní èjìká débi pé ara rẹ̀ hàn.

"Tó bá ya tán lọ́rùn mi, kí ni ẹ ní kí n máa fi ṣọ̀fọ̀?"

Ó dìde, ó sì lọ. Kí oṣù náà tó parí, mo ti wà nínú bàálù.

Bàálù kékeré kan tó ń balẹ̀ sórí omi ló já mi sílẹ̀ ní orísun Odò Àìsùn pẹ̀lú ọkọ̀ kan, àjẹ̀ méjì, ìbọn kan àti oúnjẹ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹni tó ń wà á sọ pé òun á pàdé mi ní ẹnu odò lọ́jọ́ kọkànlélógún, pé tí òun kò bá bá mi níbẹ̀, kò sí bàálù mìíràn títí di ọdún tó ń bọ̀. Ó fò lọ. Mo wò yí ká. Háà! Igbó tí kò ní igi! Igi tó ga jù níbẹ̀ kò dé orúnkún mi. Níbo ni ọdẹ fẹ́ lúgọ sí? Níbo ni àgbàlagbà fẹ́ ṣe gáà tí ojú kò ní tì í? Oòrùn kò sì wọ̀, ó dúró sójú kan bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí ènìyàn ń lọ sílé. Yìnyín tó tóbi tó ilé ń léfòó lórí omi. Òtútù kọ́ ló sì kọ́kọ́ fẹ́ pa mí, ẹ̀fọn ni! Ẹ má fi ẹ̀fọn ilé yín wé wọn. Wọ́n wọ imú mi, wọ́n wọ etí mi, wọ́n bọ́ sínú omi tí mo fẹ́ mu. Lọ́jọ́ kìíní mo ń tu wọ́n jáde. Lọ́jọ́ kejì mo ń gbé wọn mì.

Ọjọ́ kẹta ni mo ṣe àṣìṣe tí ó dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, irú àṣìṣe tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá tọ́ dáadáa nílé Yorùbá nìkan ló lè ṣe é. Mo so ọkọ̀ mọ́ òkúta, mo rẹ gàrí, mo gbé ẹja yíyan lé orí rẹ̀. Bí mo ti fẹ́ bù ú sẹ́nu, mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ láàárín àwọn òkúta. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́, tí ẹ bá ń jẹun tí ẹ gbọ́ ikọ́ ènìyàn, kí ni ẹ máa sọ? Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, ẹnu mi ti sọ ọ́: "Ẹ wá bá mi jẹun o!"

Ohun tó jáde ga tó ọkùnrin méjì. Irun bò ó látòkè délẹ̀, ọ̀rá àtọdúnmọ́dún sì ti lẹ irun náà pọ̀ ní ìdì-ìdì, pẹ̀lú iná orí tó tóbi tó ẹ̀pà tó ń rìn lórí rẹ̀ láìkánjú. Ikun imú rẹ̀ méjèèjì gùn dé àyà. Òtútù ti mú wọn dì ní ìsàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó ti ń rìn ni wọ́n ń kan ara wọn kó, kó, kó. Òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ó jókòó kò mí lójú, kò fọ ọwọ́, kò wo ọwọ́, ó ti gbogbo rẹ̀ bọ inú gàrí mi dé ọrùn ọwọ́.

Ó ní, "O ṣeun. Ajẹ́pè ni orúkọ mi. Láti ìgbà tí odò yìí ti ń ṣàn, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó pè mí wá jẹun. Àwọn yòókù, ìbọn ni wọ́n máa ń yìn."

Mo ti sún sẹ́yìn tó ìwọ̀n ọ̀pá mẹ́ta. Mo ní, "Alàgbà, ẹ má bínú. Nílùú tiwa, bí a bá pe ènìyàn wá jẹun, á dáhùn pé, 'Ó gba ibi ire o,' á sì máa bá tirẹ̀ lọ."

Ó dá ọwọ́ dúró. "Ẹ máa ń pe ènìyàn sí ohun tí ẹ kò fẹ́ kó jẹ?"

"Ìwà ọmọlúàbí ni."

"Tí ebi bá ń pa ẹni náà ńkọ́?"

"Á ní kó gba ibi ire náà ni. Bó bá jẹ́ ẹni tiwa, a ó tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, a ó fà á lọ́wọ́. Nígbà náà ló tó lè bu díẹ̀."

"Ta ló wá ń ka iye ìgbà náà? Ẹni tí ebi ń pa ni, tàbí ẹni tó ti yó?"

 Ajẹ́pè lá abọ́ mi, ó fi ahọ́n dé ìdí abọ́ náà, ó sì gbé e fún mi padà. Ó wá ṣàlàyé òfin tiwọn fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe ènìyàn. Ẹni tí wọ́n bá pè á bá olóhun jẹun títí oúnjẹ á fi tán pátápátá, lẹ́yìn náà òun náà á pe ẹni tó pè é. Mo ní oúnjẹ náà ti tán. Ó na ìka sí ọkọ̀ mi, níbi tí àpò gàrí mi wà, àti ẹja mi, àti àádùn tí Ibídùn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún mi. Ó ní, "Ìyẹn ńkọ́?" Kí n tó fèsì, ó ti wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sí iwájú, ìdí ọkọ̀ sì gbéra sókè.

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi wa Ajẹ́pè. Afẹ́fẹ́ ń ti iwájú wá, òun sì ni ó wà níwájú. Mo fi aṣọ di imú, òórùn náà gba ojú wọlé. Bó bá sín, mo máa ń dojú bolẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń yìnbọn sí. Ó máa ń ṣa iná orí ara rẹ̀, ó sì máa ń fi lọ̀ mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà kan tó sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, mo tú okùn, mo sì fi gbogbo agbára ọmọ Akínlàjà wa ọkọ̀ sálọ. Mo rìn jìnnà, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Orí rẹ̀ yọ nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "O gbàgbé mi." Kò bínú rárá, ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn.

N kò ní purọ́, òórùn yẹn gbà mí lọ́jọ́ kan. Béárì funfun kan, tó tóbi tó màlúù méjì, wẹ̀ wá bá wa láàárín omi. Mo gbé ìbọn, ẹtù inú rẹ̀ ti tutù. Mo gbé àjẹ̀, béárì fi ẹnu gbà á, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ó ti gbé ọwọ́ lé etí ọkọ̀, mo ti ń rí eyín tó fẹ́ fi jẹ mí, ni Ajẹ́pè bá sín sí i lójú. Ẹranko tó ń jẹ òkú àbùùbùtán, ẹja ńlá inú òkun, ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ni o! Ó dúró, ó gbọn orí, ó bì sínú omi, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ajẹ́pè, mo sì bọ́ ẹ̀wù mi tí díẹ̀ ta sí, mo jù ú sódò. Òtútù ìyẹn ni mo jẹ títí mo fi délé.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, oúnjẹ tán. Ìdajì rẹ̀ ni Ajẹ́pè jẹ, mo sì fi ọ̀pọ̀ nínú ìdajì kejì sílẹ̀ fún un, nítorí ẹnu mi kò lè gba ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti wọ̀. Mo ní kí n ṣọdẹ. Ẹyẹ kò dúró de òórùn wa, ẹja pàápàá sá kúrò níbi tí ọkọ̀ wa bá gbà. Ọjọ́ mẹ́rin ni n kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Ojú mi ń ṣú, àjẹ̀ kan ṣoṣo tó kù wúwo lọ́wọ́ mi bí odó. Ìgbà náà ni Ajẹ́pè ní kí n yà sí etí òsì, pé ilé òun nìyẹn, pé ó di tòun láti pè mí.

Egungun ìhà àbùùbùtán ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, awọ ni wọ́n fi bò ó. Mo tẹ̀ríba wọlé, ohun tí mo sì kọ́kọ́ rí ni àpò awọ ẹtu kan tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Èmi ni mo hun okùn rẹ̀, mo mọ kókó tí mo ta sí i. Àpò Ògúntúwàsé ni.

Mo ké pé, "Ìwọ lo pa á!"

Ajẹ́pè ní, "N kò pa á. Ebi ló pa á. Ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé lókè odò, oúnjẹ rẹ̀ bá omi lọ. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ibí, ó ń gbọ̀n. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo ní kó wá jẹun. Ó wo oúnjẹ, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó gba ibi ire. Ọ̀rọ̀ dídùn ni mo pè é. Mo ní o ṣeun, mo jẹ ẹ́ tán, ó sì gba ibi ire lóòótọ́. Ó jókòó síta níbẹ̀ yẹn, ó ń wo ẹnu ọ̀nà mi bí ẹni tó ń retí nǹkan. Lọ́jọ́ kẹta, ó kú, mo sì gbé òkú rẹ̀ lọ sí etí omi kí àwọn tirẹ̀ lè rí i. Ìgbà tí ìwọ ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́sí ni mo tó mọ ohun tó ń retí."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí ilé rẹ̀, n kò sì mọ̀ pé mo ti jókòó. Mo mọ ọ̀rẹ́ mi. Bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní jẹ ẹ́. Ìríra ló mú un, ó wá fi ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí bò ó. Ta ló sì kọ́ ọ ní ìríra? Ta ló pè é ní ọ̀bùn nígbà tó ń jẹ ohun gbogbo?

Mo ní, "Gbé àpò yẹn fún mi kí n máa lọ. Opó rẹ̀ ń dúró."

Ó ní, "Mo pè é, kò jẹ́ mi. Mo gbé àpò rẹ̀ dúró títí ẹni tirẹ̀ kan á fi wá jẹ́ ìpè náà. Òfin ni."

"Bí èmi náà bá ní kó gba ibi ire ńkọ́?"

"Á gba ibi ire. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn, ibi tó jókòó sí ṣì wà níbẹ̀."

Ó wá wú òkúta mẹ́ta kúrò nílẹ̀, ó fa nǹkan kan yọ. Ẹran omi kan wà níbẹ̀ tó rí bí ajá tí kò lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti kó inú rẹ̀ kúrò, wọ́n wá kó ẹyẹ kéékèèké sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́, pẹ̀lú ìfun, pẹ̀lú ẹsẹ̀, wọ́n rán an pa, wọ́n sì fi í sábẹ́ òkúta láti ọdún tó kọjá. Ó fi eyín já okùn rẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo ti gba ibi tí erin kú sí kọjá rí. Òórùn yẹn, lọ́fínńdà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ eléyìí. Ajẹ́pè mú ẹyẹ kan, ó tú ìyẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ náà kò le jáde, ṣe ni ó yọ̀ kúrò. Ó já orí rẹ̀, ó fẹnu fa inú rẹ̀ ṣùrùù, ó sì gbé èkejì fún mi.

Ó ní, "Wá jẹun."

Mo dì í mú. Ó rọ̀, ó tutù, omi aláwọ̀ ewé ń kán láti ìdí rẹ̀ sí orúnkún mi. Gbogbo ara mi kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi, ó gba ibi ire, ó rọrùn láti sọ. Mo ronú kan èjìká Ibídùn tó hàn nínú aṣọ. Mo la ẹnu, mo sì já orí ẹyẹ náà jẹ. N kò ní sọ fún yín bó ṣe rí lẹ́nu, ẹ̀yin pẹ̀lú lọ́mọ láti tọ́. Mo bì í, Ajẹ́pè dúró dè mí. Mo tún mú òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo bì, ẹyẹ mẹ́sàn-án ni mo jẹ, omijé ń ṣàn lójú mi, ikun sì ń ṣàn nímú mi dé ẹnu, a wá jọra, èmi àti Ajẹ́pè. Èyí tó burú jù ni pé láti orí ẹyẹ kẹfà, ó ń dùn mọ́ mi. Agbára padà sí apá mi. Mo lá ọwọ́.

Ajẹ́pè gbé àpò náà kọ́ mi lọ́rùn. Ó di ẹyẹ tó kù fún mi, nítorí kò tíì tán, òfin sì ni. Òun ni mo jẹ títí mo fi dé ẹnu odò lọ́jọ́ kọkànlélógún gan-an. Ẹni tó ń wa bàálù rí mi, ó fi ọwọ́ bo imú, ó sì ṣí fèrèsé.

Mo délé ní ọjọ́ ìpàdé ọdẹ. Gbogbo àgbà jókòó ní agbo ilé Ògúntúwàsé, Baba Lájùwọ̀n wà láàárín wọn nínú agbádá funfun. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé àpò náà síwájú wọn. Ọdún méje ló ti wà nínú ilé ẹyẹ jíjẹrà, omi ẹyẹ náà ti wọ awọ rẹ̀ lọ. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí ejò wà lábẹ́ àga rẹ̀.

Baba Lájùwọ̀n ní, "Kí lèyí? Gbé e jáde! Ẹ wá àpò tuntun kan, a ó fi ìyẹn ṣe é." Ó sì tu itọ́ sílẹ̀, pàà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ọ̀rẹ́ mi.

Mo wo itọ́ náà. Ẹ̀yin tí mo sọ fún pé ohun kan ń bọ̀ tó kó mi nírìíra ju ẹyẹ lọ, òun nìyẹn. Ẹnu tó ní láìsí àpò kò sí ìpà, tó fi opó pamọ́ sínú àkísà fún ọdún méje, òun ló wá ní àpò tuntun. Ẹyẹ ṣeé bì, èyí kò ṣeé bì.

Ibídùn ti jáde láti inú yàrá. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló pa á?"

Mo ní, "Ebi ni."

"Kò sẹ́ni tó fún un lóúnjẹ?"

"Wọ́n pè é. Ó ní kó gba ibi ire. Èmi ni mo kọ́ ọ, Ibídùn. Oúnjẹ tí òórùn rẹ̀ ń kọlù yín yìí ni. Èmi jẹ ẹ́, n kò kú."

  Ibídùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àpò náà, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì gbé imú rẹ̀ sínú rẹ̀ títí èjìká rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó yíjú sí àwọn àgbà, àwọn tí ó fi gbogbo ọdún méje kúnlẹ̀ fún.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa fọ̀ ọ́. Ọkọ mi ló ń rùn."

Ọjọ́ náà gan-an la ṣí ìpà Ògúntúwàsé. Èmi àti àwọn ọdẹ méje la gbé e wọ igbó, ọmọ rẹ̀ gbé ìbọn bàbá rẹ̀ tẹ̀lé wa, Ibídùn sì bọ́ aṣọ dúdú náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn méje náà fi ọwọ́ kan gbé ẹrù, wọ́n fi èkejì bo imú. Èmi fi ọwọ́ méjèèjì gbé tèmi.